Ìkòkò Kékeré Jọọlá

Aba Olówòkéré, àgbà tó ń bójú tó oúnjẹ ìlú, gbé abọ́ ọbẹ̀ síwájú Ọmọ́yẹlé, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Iye, ìyá.

"Iye, ẹ bá mi wá epo nínú èyí."

Ọmọ́yẹlé wò ó. Ẹja ọ̀bọ̀kún méjì ló wà nínú omi pupa rúsúrúsú, edé díẹ̀ ń léfòó lókè. Òun ló sè é, òun ló sì mọ ibi tí epo rẹ̀ wà.

"Ó wà níbẹ̀, Aba. Bóyá kò kàn pọ̀ ni."

"Àwọn tó ti òkun dé láàárọ̀ kò jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti ń jẹ ọbẹ̀ tí kò lépo, tí kò níyọ̀. Bẹ́ẹ̀, garawa epo kan ṣì ń jáde lọ́sẹ̀ méjìméjì bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Níbo ló ń gbà lọ?"

Obìnrin mẹ́sàn-án ló wà nílé ìdáná. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wọn yí ojú sí Fẹ̀hìntọlá, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tí ì pé ọdún mẹ́ta tó dé Ayétòrò. Mahintedo ló ti wá, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ a sì máa wa ọkọ̀ wá kí i. Ohun tí wọ́n ń rò kò ṣòro láti mọ̀: ọkọ̀ yẹn ló ń gbé epo lọ.

"Mo bu epo pé, Aba," ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Iye Ọmọ́yẹlé ló ń gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Iye?"

Ibi tí Ọmọ́yẹlé ti lè sọ òótọ́ rèé, tí ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi jẹ́ olórí ilé ìdáná, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fura sí i. Ó gbá ìgbakọ mú.

"Ohun tó bá fún mi náà ni mò ń sè," ló wí.

Aba mi orí. "Mo gbọ́. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, màá wá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, Fẹ̀hìntọlá. Lọ́la, wàá sọ tẹnu rẹ níwájú ìjọ."

Ní ìlú yẹn nígbà náà, ìjọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó ní oúnjẹ tirẹ̀. Ẹja tí wọ́n bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Aṣọ tí wọ́n bá rán, ti gbogbo ìlú ni. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo ẹnu ti ń jẹ, inú Ọmọ́yẹlé a sì máa dùn bó bá ń bu oúnjẹ, tó sì mọ̀ pé abọ́ kan kò pọ̀ ju èkejì lọ. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lórí afárá pákó, àyà fún un pa, ó sọ garawa omi kalẹ̀, kò sì lè gbé e mọ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Òkìtìpupa. Rèbékà, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bí sí Araromi, ló tẹ̀ lé e, òun ló sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún un.

"Iye, ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ó ń dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọkàn. Ìfúnpá yín náà sì ga. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, ọkàn rẹ̀ kì í ní ààbò tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ dín epo kù, àti àgbọn, àti ẹja díndín, àti iyọ̀. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀. Kí ẹ sì máa se tiyín lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré."

Gbogbo rẹ̀ ni Ọmọ́yẹlé gbà, àfi ìkòkò kékeré.

Ọdún mẹ́fà ṣáájú, Jọọlá, obìnrin kan tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú, gbé ìkòkò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ọbẹ̀ tí kò láta ló fẹ́ fi sè. Ọmọ́yẹlé kò béèrè ohunkóhun. Ó gbé ìkòkò náà tọbẹ̀tọbẹ̀, ó rìn dé etí afárá, ó sọ ọ́ sómi níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ní ẹni tí kò bá lè jẹ nínú ìkòkò ìlú kó wá ìlú mìíràn lọ. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Jọọlá a máa fi omi ṣan ata kúrò lára ẹja rẹ̀ kó tó fi jẹ òkèlè púpurú, Ọmọ́yẹlé a sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Báwo ni ọwọ́ tó sọ ìkòkò ẹlòmíràn sómi ṣe fẹ́ gbé tirẹ̀ kaná? Ó rò ó títí, ó wá rí ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ ọn. Dípò kí òun jẹ oúnjẹ ọ̀tọ̀, kí gbogbo ìlú máa jẹ oúnjẹ òun. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ilé ìdáná láàárọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí i. Ìdajì epo a lọ sínú ìkòkò, ìdajì a lọ sínú abọ́ onídèérí, láti ibẹ̀ a dé inú garawa lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé oúnjẹ tó dára fún ọkàn kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Rèbékà wá wọn ìfúnpá rẹ̀ nínú yàrá.

"Ó ti wálẹ̀ gan-an, Iye. Ìkòkò kékeré yẹn ń ṣiṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Irọ́ kejì nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ojú fèrèsé, ó rí Fẹ̀hìntọlá tó bẹ̀rẹ̀, tó ń fi yanrìn fọ garawa tó ti fọ̀ láàárọ̀, tó tún ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìtìjú mú Ọmọ́yẹlé débi pé kò lè dúró nídìí fèrèsé náà. Àyà kò dùn ún mọ́, ó ń mí dáadáa, ẹlòmíràn ló sì ń sunkún nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, Aba na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́. Fẹ̀hìntọlá ń tú u ní etí ìró rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun kan tó ń wọ́ bọ̀ lórí pákó. Ọmọ́yẹlé ni. Ó fa garawa kan dé iwájú Aba, ó padà lọ fa èkejì. Gbogbo wọn dúró dè é. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ó gùn fún un lọ́jọ́ náà.

"Epo yín nìyí," ló wí. "Dókítà ní kí n yẹra fún un. Ojú tì mí láti gbé ìkòkò kékeré kaná, mo wá fi oúnjẹ aláìsàn bọ́ gbogbo yín. Fẹ̀hìntọlá bu epo pé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, mo sì pa á mọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Aba wo garawa méjèèjì.

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa pé kò sóhun tó ń jẹ́ tèmi," ló wí. Kò pariwo. Ì bá sàn fún Ọmọ́yẹlé ká ní ó pariwo. "Lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ."

"Màá sọ ọ́, Aba."

Fẹ̀hìntọlá so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. "Ẹ wò mí lójú, Iye," ló wí, "ẹ sì sọ pé ohun tí mo bá fún yín lẹ̀ ń sè." Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ.

Ọmọ́yẹlé sọ ọ́ níwájú ìjọ ní ọjọ́ kejì, kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Aba ní epo ìlú gbọ́dọ̀ padà sínú ọbẹ̀ ìlú, kí Ọmọ́yẹlé sì máa se tirẹ̀ lọ́tọ̀ bí dókítà ṣe wí. Ó dé ilé ìdáná, ó wá ìkòkò kékeré, kò rí. Gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ ló tóbi débi pé wọ́n lè wẹ ọmọ nínú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja kan lọ́wọ́, àwọn obìnrin sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ láì wo ibi tó wà.

Jọọlá ló wọlé wá pẹ̀lú nǹkan tó fi aṣọ dì. Ó tú u. Ìkòkò irin kékeré ni, etí rẹ̀ kan ti kán.

"Nígbà tí omi fà, mo wọ inú ẹrẹ̀ lọ yọ ọ́," ló wí. "Mi ò tí ì gbé e kaná láti ìgbà náà."

"Jọọlá, jọ̀ọ́…" ni Ọmọ́yẹlé wí.

Jọọlá bu omi sí ìkòkò náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, níbi tó gbé e sí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn gan-an.

"Ẹ rọra fi iyọ̀ sí i nítorí tiyín," ló wí, "kí ẹ má sì fi ata sí i rárá. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀."

Ọmọ́yẹlé na ọwọ́ mú ẹja kejì kún ti àkọ́kọ́. Kò lè gbé ojú sókè.