Ìrẹsì Ẹnu Òkú

Kí ìyá àgbà Birsi tó rí ìrẹsì fi sẹ́nu, àfi ìgbà tó kọ́kọ́ kú ná.

Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka wò ní ṣọ́ọ̀bù ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì fún tálákà ní ìgbèríko Jharkhand ní Íńdíà, ló ní òun ò mọ ìka ẹ̀ mọ́. Ìka tó fi roko títí tó fi dán bíi gíláàsì. Wọ́n bá yọ orúkọ gbogbo ilé kúrò nínú ìwé ìrẹsì. Ewé igbó ni Jhano, ìyàwó ọmọ ẹ̀, ń sè fún un àti fáwọn ọmọ, títí ìyá fi sùn tí ò jí.

Òkú àwọn Oraon, ẹ̀yà tiwọn, kì í sì í lọ bá àwọn baba ńlá pẹ̀lú ebi. Etwari, aládùúgbò wọn, yá Jhano ní ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan. Jhano sè é, ó fi díẹ̀ sí òkú lẹ́nu bí àṣà ṣe wí. Kó tó bojú wẹ̀yìn, àwọn ọmọ ti lá ìkòkò mọ́.

Àfi gìrì tí jíìpù ìjọba dé. Ìròyìn ti ta sí ìgboro pé ebi pa èèyàn, ni ọ̀gá Tripathi bá mú dókítà wá wádìí ẹ̀. Jhano ń gbàdúrà sínú: bí wọ́n bá lè kọ ọ́ pé ebi ni, ṣọ́ọ̀bù á dá orúkọ wọn padà dandan, àwọn ọmọ á jẹun.

Dókítà la ẹnu òkú. "Ọ̀gá, ìrẹsì rè é."

Inú Tripathi dùn bíi ti ọkọ ìyàwó. "Ìyá yìí mà sàn jù mí lọ. Èmi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀."

"Ọ̀gá, ó ti kú kí ìrẹsì tó kàn án lẹ́nu," Jhano wí.

"Ìyàwó, òkú kì í jẹun."

"Àwa la fi í síbẹ̀. Àṣà wa ni. Ẹ yẹ inú ẹ̀ wò, ẹ ò ní bá nǹkan kan."

"Inú jìnnà. Ẹnu ló wà nítòsí."

Etwari dá sí i: "Ìrẹsì mi ni, ọ̀gá. Ẹ bi òkú bóyá ó gbé e mì."

Dókítà wolẹ̀. Tripathi ti kọ ọ́ tán: àìsàn ọjọ́ ogbó. Ó bá wọn kẹ́dùn dáadáa, ó gun jíìpù ẹ̀, ó lọ wá oúnjẹ ọ̀sán.

Nígbà tí wọ́n sin ìyá tán, Jhano fa Etwari sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá kan èmi tàbí àwọn ọmọ mi, ẹ má fi nǹkan kan sí wa lẹ́nu o."

"Kẹ́ ẹ wá lọ bá àwọn baba ńlá pẹ̀lú ebi?"

"Àwọn baba ńlá á gbọ́ àlàyé. Ìjọba ni ò gbọ́."