Aṣọ tí Amidou Kò Rán Tán

Nílé àwọn aránṣọ kan l'Àjàṣẹ́, ẹni tó bá rán aṣọ ìsìnkú ọ̀gá ló ń jogún ilé ìránṣọ. Kí Inoussa ọ̀gá aránṣọ tó mí èémí ìkẹyìn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí: Amidou, àkọ́bí òun, ni kó rán tòun. Ta ni yóò bá a jiyàn? Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Dahomey gba òmìnira, gbogbo aránṣọ ìlú ń fi ẹ̀rọ sáré, Amidou ṣì ń fọwọ́ kó iṣẹ́ sọ́rùn agbádá bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Ní ti Akambi àbúrò rẹ̀, ọmọ náà á rán agbádá tán, á tún ráyè lọ ta ayò l'Adjarra. Baba wọn ò yin Akambi rí.

Wọ́n ti wẹ òkú. Ìrun Àsárì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé baba lọ. Amidou jókòó sórí ẹní, aṣọ funfun lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Aṣọ òkú kò ní wàhálà, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ a máa jìnnà síra, wọn kì í sì í ta kókó sí i. Amidou mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wínníwínní ló ń rán an. Ó rán ọrùn, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u.

“Amidou!” Àlùfáà pariwo lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé aṣọ Iléyá lò ń rán ni? Baba ń dúró!”

Ó rí i pé ilé ìránṣọ ń bọ́ lọ́wọ́ òun, ẹ̀rù sì bà á gidi. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, Liamidi, àbúrò baba wọn, fi ìbínú wọlé, ó gba aṣọ, ó jù ú sí Akambi. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, Akambi ti parí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Amidou rí i.

Nígbà tí wọ́n sin baba tán, Liamidi fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìránṣọ lé Akambi lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí. Akambi ò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni baba fún. Kí ló dé tí ẹ ò yára, lẹ́ẹ̀kan péré?”

“Mo lè yára,” ni Amidou wí. “Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rán an tán, wọ́n á gbé baba lọ.”

Akambi bú sẹ́kún. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó dá a padà.