Ẹ Jẹ́ Kí Orúkọ Wọn Kọjá

"Tóyọ̀sí, tẹlifíṣọ̀n yìí ò tíì gbé nǹkan kan jáde o!"

Àǹtí Dorothy, ayálégbé tó ń gbé lókè, ti gba àga tó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n jù lọ. Ó ti bọ́ bàtà tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara bí ẹni tó sanwó ìwọlé. "Àbí o ti di òṣèré, o wá ń ṣe fọ́ọ̀mù fún wa?"

"Nẹ́tíwọ̀kì ni, Àǹtí. Kò lọ dáadáa."

Rìmóòtù ń yọ̀ lọ́wọ́ Tóyọ̀sí nítorí òógùn. Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ti pa dátà orí fóònù rẹ̀, tó wá ń tẹ rìmóòtù kiri bí ẹni tó ń sapá.

"Ẹ ní sùúrù fún ọmọ," ni Màmá Bíọ́dún wí. Alákijà nilé rẹ̀, òun àti ìyá Tóyọ̀sí ni wọ́n sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ó ti búra pé òun ò ní délé òun lónìí láìfojú ara òun rí fíìmù tí wọ́n ṣe nínú ilé ọ̀rẹ́ òun.

Màmá Tóyọ̀sí ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú àwo ẹ̀pà. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ ni ojú rẹ̀ gba ara ògiri, ó sì dúró.

"Fọ́tò Dádì rẹ dà?"

Níbi tí fọ́tò náà máa ń wà, àmì onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ló kù, ọ̀dà ibẹ̀ mọ́ ju ti ìyókù ògiri lọ.

"Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ ni, mà. Mo fẹ́ nu gíláàsì ẹ̀."

"Lọ́jọ́ Àìkú?"

"Eruku ti bò ó, mà."

Màmá gbé àwo ẹ̀pà kalẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tóyọ̀sí ni fọ́tò náà wà, ó fi ìborùn wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni àwọn onífíìmù wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá àwọn nílé lò. Irú ilé àtijọ́ Festac bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá, tí pálọ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ sì gba inú ilé lọ sókè. Màmá gbà, nítorí òun ń lọ sí àgọ́ àdúrà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo ló kìlọ̀ fún Tóyọ̀sí. "Wọn ì báà jókòó sórí àga mi, wọn ì báà lo ìkòkò mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tan kámẹ́rà wọn, yọ fọ́tò Dádì rẹ kúrò. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe òṣèré."

Tóyọ̀sí ti gbé àga kékeré, ó ti gun orí rẹ̀ láti yọ ọ́, kí Richard tó wọlé. Richard ló ń darí fíìmù náà. Ó wo fọ́tò náà, ó tún wò ó, ó ní, "Ojú yìí! Tóyọ̀sí, ojú yìí nìkan tó fíìmù. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?" Lẹ́yìn náà ló wá wo Tóyọ̀sí alára. "Ìwọ náà ní ojú kámẹ́rà. Ṣé o lè gbé tíréè wọlé fún wa?"

Láti ìgbà tí Tóyọ̀sí ti wà ní kékeré ló ti ń sunkún níwájú dígí láti wo bí omijé ṣe ń bọ́. Ta ló máa sọ fún un pé ó ní ojú kámẹ́rà tí kò ní gbàgbé ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀? Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó fi fọ́tò náà sílẹ̀.

Àárọ̀ òní ló rí ohun tí wọ́n fi fọ́tò náà ṣe. Ó wo fíìmù náà lórí fóònù nínú yàrá rẹ̀, nígbà tí Màmá ń wé gèlè lọ́wọ́. Bó ṣe pa á ni àtẹ̀jíṣẹ́ Richard wọlé. "Stáà! Ọjọ́ Ẹtì la ń bẹ̀rẹ̀ apá kejì. Ìwọ lo máa ṣe ọmọ fún ọkùnrin inú fọ́tò yẹn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ."

"Ó dáa, ẹ gba hótísípọ́ọ̀tù mi," ni Àǹtí Dorothy wí, ó sì na fóònù rẹ̀ jáde. "Dátà wà níbẹ̀ tó máa gbé wa dé ìlú òyìnbó."

Kò sí àwáwí mọ́. Tẹlifíṣọ̀n gbà.

Fídíò olórin kan ló kọ́kọ́ yọ sójú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kan ń jó lẹ́bàá odò.

"Ẹ wo ijó," ni Màmá Bíọ́dún wí. "Bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ."

"Ijó ò burú, ẹ̀yin lẹ ti dàgbà," ni Àǹtí Dorothy fèsì. "Olórin yẹn ni mi ò gba tiẹ̀. Ó ń kọrin pé òun ò rí jẹ, ẹ wo iye ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Tóyọ̀sí ń wo rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kámẹ́rà ni bàbá náà, Clement Akínfẹ́nwá, gbé fún ìjọba àpapọ̀ títí tó fi fẹ̀yìntì, kò sì sí ohun tó lè kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n ilé yìí kó má dá sí i. "Irọ́ ni!" ni yóò ké, tí àwọn ará ilé kejì yóò gbọ́. "Ta ló ń fi lípítíìkì sùn? Irọ́ ni! Oòrùn wo ló ń ti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn wá lẹ́ẹ̀kan náà?" Ṣùgbọ́n bí fíìmù bá parí, ì báà burú tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù. "Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn kọjá," ni yóò wí. "Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe." Láti ìgbà tó ti kú, Màmá kan máa ń jókòó wo àwòrán ni. Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀ sókè.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀.

"Kọ́tìnì yín rèé, Mọ́mì!" ni Àǹtí Dorothy ké. " Ó tiẹ̀ dára nínú fíìmù ju bó ṣe wà yìí lọ."

"Wíìgì ìyàwó yẹn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹkún ló ń sun àbí ìjà ló ń jà?" ni Màmá Bíọ́dún wí.

Ọwọ́ kan gbé tíréè omi wọlé, ó gbé e kalẹ̀, ó jáde.

"Tóyọ̀sí nìyẹn!" ni Àǹtí Dorothy pariwo. "Àbí... ọwọ́ ẹ̀ nìkan?"

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Màmá Bíọ́dún wí. "Ibi tí ọwọ́ bá ti wọ̀, ara á bá a wọ̀ ọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ẹ̀pà díẹ̀ sí Tóyọ̀sí. Ẹ̀pà náà korò lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ohun tó kàn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná. Ìrẹsì ti ń tutù."

"Ìrẹsì ò ní sá lọ. Jókòó."

Nínú fíìmù, ìyàwó oníwíìgì rìn dé iwájú ògiri. Kámẹ́rà rọra gòkè tẹ̀ lé ìka rẹ̀, títí ojú Clement Akínfẹ́nwá fi kún tẹlifíṣọ̀n bámúbámú: ọ̀dọ́ ọkùnrin, irun rẹ̀ pọ̀, ó lejú koko. "Ọkùnrin yìí!" ni ìyàwó náà ké. "Òun ló fi ọmọ bíbí inú mi ṣe oògùn owó!"

"Háà!" Àǹtí Dorothy pàtẹ́wọ́. Ọdún méjì péré ló ti ń gbé lókè, kò bá baálé ilé láyé, kò sì fojú sí fọ́tò tó máa ń wà lára ògiri rí. "Ẹ wo ojú! Ọlọ́pàá ò tún nílò ẹ̀rí mọ́. Níbo ni wọ́n tiẹ̀ ti rí ojú apààyàn báyìí?"

Màmá Bíọ́dún ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ lọ sára ògiri inú fíìmù, ó padà sára ògiri tó wà lókè tẹlifíṣọ̀n, sí àmì onígun mẹ́rin yẹn. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Dorothy," ni ó wí jẹ́jẹ́, "panu mọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù ba Tóyọ̀sí. "Ṣebí fíìmù là ń wò. Tóyọ̀sí, dá a padà sẹ́yìn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní dá a padà. Mi ò rí i dáadáa."

Ó dá a padà. Ìyàwó náà tún rìn dé iwájú ògiri, ojú náà tún kún tẹlifíṣọ̀n. Màmá dìde, ó súnmọ́ ọn.

"Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ilé yìí tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni," ni ó wí. "Inú ń bí i sí ayafọ́tò. Ó ní ó kọ ojú òun sí oòrùn bí ẹran tí wọ́n sá. Ló ṣe lejú."

Àǹtí Dorothy fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Jésù! Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀." Bí ìtìjú ti mú un, ó wá ibi tí yóò gbé e lé. "Olè làwọn onífíìmù yìí! Tóyọ̀sí ti yọ ọ́, wọ́n wá jí i gbé padà sára ògiri. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Tóyọ̀sí?"

Gbogbo wọn wò ó. Irọ́ náà ti jinná, wọ́n ti bù ú sáwo fún un, kó kàn gbé e mì ló kù. Richard kò sí níbẹ̀ láti jiyàn.

"Rárá," ni Tóyọ̀sí wí. "Wọn ò jí i. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Èmi ni, mà."

Màmá kò wo ẹ̀yìn. Ó padà sórí àga rẹ̀, ó jókòó, ó ní kí fíìmù máa lọ. Kò sẹ́ni tó tún dá sí wíìgì tàbí kọ́tìnì. Ìyàwó náà sunkún, wọ́n mú àwọn ènìyàn burúkú, orin ìparí bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti parí, Àǹtí Dorothy ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ni Màmá wí. "Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn kọjá."

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àwọn òṣèré. Ẹni tó rán aṣọ. Ẹni tó se oúnjẹ. Ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, orúkọ kan yọ, Màmá sì kà á síta bí ẹni ń ka Bíbélì.

"Olúwatóyọ̀sí Akínfẹ́nwá."

Ó dúró títí tẹlifíṣọ̀n fi dúdú.

"Tìẹ rèé," ni ó wí. "Ti Dádì rẹ dà?"

Tóyọ̀sí lọ sí yàrá. Ó fa fọ́tò náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú ìborùn ara rẹ̀, ó gbé àga kékeré wá sí pálọ̀, ó sì gbé bàbá rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó. Lẹ́yìn náà ló tan dátà rẹ̀, ó pe Richard, ó sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Stáà mi!" ni Richard wí. "O ti rí i? Àwọn èèyàn ń wò ó gan-an!"

"Bọ̀dá Richard, ọkùnrin inú fọ́tò yẹn ní orúkọ. Clement Akínfẹ́nwá ni. Bàbá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kúrò nínú fíìmù yín."

"Ká gé e? Ibẹ̀ gan-an ni ojú fíìmù náà. Tó o bá ní ká gé e, apá kejì ńkọ́?"

"Ẹ wá ẹlòmíràn."

"Tóyọ̀sí, rọra. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ojú lásán ni, ojú ẹnìkan ṣáá."

"Irọ́ ni!"

Màmá ló ké bẹ́ẹ̀ lórí àga rẹ̀. Ó ké e dé ilé kejì.