Orúkọ Kan Tí Kò Ní Àmì

Òkun inú máàpù náà ti kún dé etí tábìlì, ìlà búlúù bíi ti ìwé ọmọ ilé-ìwé sì wà nínú omi rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, mo ń rìn lórí ìlà kejì, nítorí pé ibẹ̀ ni kò jìn. Páálí ṣọ́ọ̀kì kan wà ní abíyá mi. Àwọn àmì ohùn ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń lọ sókè lápá kan, àwọn tó ń bọ̀ wá sílẹ̀ lápá kejì. Àwọn àmì ìsàlẹ̀, àwọn roboto tí a ń fi sábẹ́ ẹ àti ọ, wà nínú agolo mílíìkì, wọ́n sì ń dún wóróworó bí mo ṣe ń rìn.

Oyèdòkun àbúrò mi ló dá ayé inú máàpù náà. Oṣù keje rèé tí a ti sin ín, èyí kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Eré ló dá a fún. Àwa tí à ń ṣeré náà máa ń jókòó yí tábìlì ká ní páálọ̀ mi, kálukú á yan ẹni tó fẹ́ jẹ́ nínú ayé yẹn, á sì sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Dòkun á sọ ohun tí ayé fi dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, a ó ju dáìsì olójú ogún, ibi tó bá fi sí náà nìyẹn. Iṣẹ́ yíya ilé ni Dòkun kọ́. Ó mọ òkè yà, ó mọ odò yà, ṣùgbọ́n kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Èmi ni tíṣà Yorùbá. Lẹ́tà ńláńlá ló fi máa ń kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan, èmi á sì bi í pé, "Ohùn wo ni?" Kì í pe ọ̀rọ̀ náà. Á pa ẹnu dé, á fi imú kùn ún bí ẹni tó ń wá ohùn orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á sì fi bírò pupa fa àmì sí i. Ohun tí mo bá fi àmì sí ló ń di nǹkan.

Mo ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ OKE OWO, mi ò sì bi í. Òkè Ọ̀wọ̀ ló ní lọ́kàn, níbi tí àwọn ọba ayé náà ti ń bọ́ bàtà. Èmi kọ Òkè Ọwọ́. Ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọjá lẹ́bàá òkè náà, àwọn ọwọ́ tó hù lára rẹ̀ ń jù sí mi, àwọn kan wọ òrùka. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọwọ́ ìyá wa. Àpá iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Mo dì í mú díẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì ń bá tèmi lọ.

Àwọn ará ayé náà ti sá àgbàdo sórí ìlà pupa tó wà létí ìwé. Obìnrin kan tó ń yí i padà kí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Alámì. Àmì orí ìlú wa ti ń ṣá."

"Màá padà wá tún un fà," mo sọ fún un.

Ṣùgbọ́n mi ò ní iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ náà. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù lórí máàpù tí kò ní àmì. Ó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí Dòkun kò tí ì ya nǹkan kan sí. ILE ló kọ síbẹ̀. Orí ibùsùn ọsibítù ló ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́, ó tẹ́ máàpù sórí orúnkún. Ìwé ìdánwò ọgọ́rin ọmọ wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ máàkì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, màá bi ọ́ lọ́la." Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí mo bá fa àmì sókè lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ilé ni: re, mí. Bí mo bá fi àmì sábẹ́ rẹ̀, tí mo sì fa àmì wá sílẹ̀ lórí rẹ̀, ilẹ̀ ni: re, dò. Lọ́jọ́ ìsìnkú, oníwàásù sọ pé ó ti lọ sílé. Àwọn tó gbẹ́ sàréè sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ le. Mo gbọ́ méjèèjì láàárín wákàtí kan, mi ò sì mọ èyí tí Dòkun kọ.

Nígbà tí mo dé igun náà, ó ti di páálọ̀ mi, ṣùgbọ́n ìrésà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ti pa ògiri rẹ́. Èérún rẹ̀ wà nílẹ̀ bí èérún búrẹ́dì, àwọn ẹyẹ funfun ń ṣà á jẹ. Òjò ń rọ̀. Múfútàù aránṣọ, ọ̀rẹ́ Dòkun láti kékeré, jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́rùn. Nínú eré, ọdẹ ni Múfútàù, iyọ̀ ni ó ń kì sínú ìbọn. Ilẹ̀kùn kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán láìsí ilé lára rẹ̀. Dòkun dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ káàbọ̀," Múfútàù wí. "Oṣù méje la ti ń retí yín. Iyọ̀ mi ti ń yọ́."

"Pẹ̀lẹ́, Múfútàù."

"Àwọn ọmọ yín nílé-ìwé á gbàgbé àmì kan péré, ẹ ó gé máàkì wọn bí ẹni ń gé ilá. Ẹ̀yin alára wá fi odindi ibì kan sílẹ̀ láìlámì. Ta ni yóò gé tiyín?"

"Múfú, fi wọ́n sílẹ̀," Dòkun wí. "Bí wọ́n bá bínú, wọ́n á fa àmì sí ọ lórí, wọ́n á sọ ọ́ di àga."

"Èmi tí mo jókòó sórí àga?"

"Wàá jókòó sórí ara rẹ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Dòkun kò ní ikọ́ nínú mọ́. Mo dúró gbọ́ ọ títí ó fi tán.

Mo bi í pé, "Ohùn wo ni, Dòkun?"

"Àǹtí mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n wọ…"

Òjò bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ wọlé. Ó lè jẹ́ wọlẹ̀.

Múfútàù ju dáìsì. Ó yí, ó yí, ó dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Kò sí nọ́ńbà lójú rẹ̀. Ohùn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru tí Dòkun kú ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Múfútàù dìde, ó da omi iyọ̀ inú ìbọn rẹ̀ nù. Ó ní oníbàárà ń dúró de òun. Kó tó lọ, ó fi téèpù wọn Dòkun láti èjìká dé kókósẹ̀. Òun ló rán aṣọ tí a fi sin ín.

"O ti ń kéré o," ó sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ká téèpù náà, ó gba orí òkun lọ.

Ó wá ku èmi àti Dòkun. Mi ò ṣí páálí náà. Bí mo bá fi àmì sí orúkọ yẹn, máàpù á parí, kò sì ní sí ohun tí Dòkun tún máa tìtorí rẹ̀ dúró dè mí. Mo gbìyànjú láti fi ọgbọ́n sọ ọ́.

"Ohùn àárín kì í ní àmì," mo wí. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. A lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Re, re. Kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa lè wá ọ débẹ̀."

Dòkun wo ilẹ̀kùn náà.

"Kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi," ó wí. "Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àga tèmi níbẹ̀."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi òjò ti dé kókósẹ̀ rẹ̀, ojú pẹ́ńsù tó fi kọ ILE sì ti ń fọ̀ lọ. Mo ṣí páálí náà. Òjò ti fọ àwọn yòókù lọ. Àmì kan ló kù lápá tó ń lọ sókè, ọ̀kan lápá tó ń bọ̀ wá sílẹ̀, ọ̀kan péré nínú agolo mílíìkì. Kí n tó nawọ́, Dòkun ti fi ìka méjì mú ti inú agolo, èyí tí mi ò lè kọ ilẹ̀ láìsí rẹ̀. Ó gbé e sórí ahọ́n bó ṣe máa ń gbé oògùn rẹ̀, ó gbójú sókè, ó pa ẹnu dé.

"Ṣé ó korò?" mo bi í.

Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n dààmú.

Mo kúnlẹ̀ sórí ìwé náà, mo ṣí bírò pupa. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, bí mo ṣe máa ń bi í ní tábìlì, bó ṣe yẹ kí n bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Ohùn wo ni?"

Ó fi imú kùn ti àkọ́kọ́. Re ni. Mo ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ibì kan náà ni ilé àti ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé bírò sókè lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn, mo dúró de èkejì. Dòkun la ẹnu, ohun tí kò ṣe rí bó bá ń fi imú kùn. Mo rí àmì náà lórí ahọ́n rẹ̀, ó dúdú, ó rí roboto. Kò tí ì gbé e mì.