Ìpín Àwọn Tí Kì Í Yó

Ọtí ló lé Adésànyà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè. Níkẹ́, ìyàwó rẹ̀, dúró tì í títí ó fi jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Abuloma, ìlú àwọn àna wọn tuntun, lọ́jọ́ náà, ìgò kaikai, ìyẹn ogógóró wọn, wà níwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì rà á. Adégbénga ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ Bàbá Dagogo, bàbá náà kò sì ní dá sí ọ̀rọ̀ ìyàwó láìkọ́kọ́ fi ọtí pe àwọn baba ńlá rẹ̀.

Bàbá Dagogo bu ọtí sínú ife, ó nà án sí Adésànyà. Píjìn ni wọ́n ń sọ.

"In-law, who carry drink come go taste am first."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílé: ẹni tó gbé ọtí wá ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àwọn tó kù lè balẹ̀. Adésànyà kò rántí èyí nígbà tó ń ra ìgò. Ó gba ife.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́ ọ wò," Adégbénga ní, ó nawọ́ sí ife.

"Na you be the papa?" Bàbá Dagogo bi í. Àwọn àgbà ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ojú Níkẹ́ wà lára ife.

Adésànyà gbé e sílẹ̀. "Papa, no vex. If I taste am, I no go fit stop."

Ẹ̀rín dákẹ́. Bàbá Dagogo gbé ife náà. Ọtí yìí kan náà ló pa àbúrò rẹ̀.

"You for don talk am since," ó ní. "This drink no be for your belle. Na our old people door we dey use am knock." Ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, ó dá ife padà fún Adésànyà. "Pour the rest for ground. Those ones no dey drunk."

Adésànyà kórìíra kí nǹkan ṣòfò. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀, ó ń da ọtí náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí Bàbá Dagogo ṣe ń pe àwọn òkú rẹ̀ lórúkọ. Iyanrìn fà á mu tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó dárúkọ ọmọ tí wọ́n wá fẹ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Adésànyà gbé ìka rẹ̀ súnmọ́ imú. Ọtí ti ta sí i. Níkẹ́ rí i. Ó fi eyín já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.

"Ẹ mú ọwọ́ yẹn wá, Bàbá Gbénga."

Ó mú un wá.