Adágún Àrọ̀ Ò Gba Epìyà

Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbẹ́ adágún yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sin ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kàwé. Bó ṣe kàwé tán ló dé, ó gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ mi, ó ní ọ̀mọ̀wé ló yẹ kó máa darí iṣẹ́. Ó wá gbé ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa gbá ọ́fíìsì òun. Ó dùn mí wọra. Ẹ má bi mí ìdí tí n ò fi pè é ní “wọ́n” nínú ìtàn yìí.

Lọ́jọ́ kan ó kó àwọn oníbàárà wá, ó ní òun fẹ́ ta àrọ̀ tán, kí òun kó epìyà síbẹ̀.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, omi yìí ò gba epìyà. Kì í ṣàn, ewé ń já sínú ẹ̀, ẹrẹ̀ ló kún ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá tán nínú omi, àrọ̀ á yọrí síta, á mí. Epìyà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó mọ́, tí oòrùn ń dé, ibẹ̀ nilé ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹja ni ẹja. Lọ gbálẹ̀ ẹ.” Àwọn oníbàárà náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Mo mú sùúrù, mo fi ń dúró de ẹ̀san. Nígbà tí wọ́n ń kó àrọ̀ lọ, mo ṣa abo mẹ́fà àti akọ méjì pa mọ́ sínú táńkì lẹ́yìn yàrá mi, kí irú wọn má bàa tán. Epìyà dé, ẹ̀gbọ́n mi ń yan kiri etí omi bí ọkọ ìyàwó. Ó bi mí pé èwo ló dùn jù nínú ẹja méjèèjì. Mo ní epìyà ni. Kò bi mí nípa omi, èmi náà ò sì sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tó yá, ojú ọ̀run ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn ò yọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo rí àwọn epìyà tí wọ́n ń yanu lókè omi. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wà nítòsí. Kí n tan án kí omi tuntun gbé afẹ́fẹ́ wọlé fún wọn ló kù. Mo fọwọ́ lẹ́rán. Mo lọ sùn, oorun náà sì dùn.

Igbe ẹ̀gbọ́n mi ló jí mi láàárọ̀. Òkú epìyà ti bo ojú omi. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa.

“O mọ̀,” ó ní.

“Mo mọ̀. Mo sọ fún yín, ẹ ní kí n lọ gbálẹ̀.”

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo gbà á. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n kó òkú ẹja. Ọ̀kan nínú wọn pa ẹnu dé gbagidi. Mo là á. Ọmọ wẹẹrẹ ló kún ibẹ̀, torí ẹnu ni ìyá epìyà fi ń tọ́jú ọmọ. Mẹ́rin ṣì ń mira. Àwọn wọ̀nyí ò ṣẹ̀ mí.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ bu omi kànga sí bàsíà wá.”

Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. “Ṣé o ti dárí jì mí?”

“Rárá,” mo ní. “Ẹ di bàsíà yẹn mú dáadáa.”