Ohùn Tó Fi Sọ "Ó Tó"

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀ dájú pé ọkùnrin tí mo fẹ́ràn yìí ni mo máa bá dàgbà, mi ò ní sọ pé ọjọ́ tó fi òrùka sí mi lọ́wọ́ ni. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tó ń pọ́n irin tí wọ́n fẹ́ fi ṣá èèyàn.

Jórinjórin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Géètì ni o, férémù fèrèsé ni o, bẹ́ẹ̀dì onírin ni o, kò sí èyí tí kò lè jó pọ̀. Tí iná bá ń fọ́n ká lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń da ìràwọ̀ sílẹ̀, mo máa ń kẹ̀yìn sí i kí ojú mi má bàa bàjẹ́, màá wá máa wo òjìji rẹ̀ lára ògiri. Òjìji lásán, inú mi á sì máa dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé. Òun náà kì í pè mí lórúkọ. Olóhùn-iyọ̀ ló ń pè mí, torí èmi ni mo máa ń ka Bíbélì sí etígbọ̀ọ́ ìjọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tó ń la gẹdú ní sọ́ọ̀mìlì ìsàlẹ̀ òpópónà wa lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n náà. Ọ̀rọ̀ pákó ló dà wọ́n pọ̀: ó ní èyí tí wọ́n tà fún òun ti jẹrà nínú, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ẹnu ń lọ, ẹnu ń bọ̀, kó tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ti fi igi gbá a lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń di òòlù mú. Dókítà tò ó, ó dì í, ó sì ní òun ò lè ṣèlérí pé yóò ká bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bí àwọn ọkùnrin ìjọ wa ṣe péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Jórinjórin lẹ́yìn ìsìn nìyẹn, tàwọn ti aṣọ ìsìn lọ́rùn. Ṣọ́jà ló ṣáájú wọn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín o. Ẹni tó ń kọ́ àwọn akọrin lórin ni. Kò di ìbọn mú rí, àfi èyí tó rà fún ọmọ rẹ̀ láti fi ṣeré. Torí pé ó máa ń pàṣẹ fún àwọn akọrin bí ẹni ń kó ọmọ ogun jáde ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, irin pẹlẹbẹ méjì ni mo kọ́kọ́ rí lórí tábìlì. Wọ́n gùn tó apá mi, ojú wọn ń kọ mọ̀nà. Jórinjórin wà nídìí ẹ̀rọ ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ó ń pọ́n òmíràn. Ó fi awò iṣẹ́ bojú, kò rí mi.  Ọwọ́ yẹn kan náà ló fi ń nu omijé lójú mi!

"Ìyàwó wa, káàbọ̀," Káfíńtà kí mi láti orí àga. Ó gbé ọwọ́ dídì náà sáyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú ìnira, bùọ̀dá. Kí lẹ fẹ́ fi ìwọ̀nyí ṣe?"

"Bi Ṣọ́jà. Òun ni ọ̀gágun."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

"Kò sí ohun tá a fẹ́ bò," Ṣọ́jà wí. "A fẹ́ lọ kí wọn ní sọ́ọ̀mìlì nírọ̀lẹ́ yìí ni. Ṣé ká káwọ́ gbera kí wọ́n máa ṣẹ́ wa lápá níkọ̀ọ̀kan ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ilé Ọlọ́run lẹ ti ń bọ̀ báyìí o."

"Níbẹ̀ gan-an la ti gbàṣẹ! Ìwọ tí ò ń kà á fún wa, o ò ka ibẹ̀ rí ni? Jésù fúnra rẹ̀ ló ní ẹni tí kò bá ní idà, kó ta aṣọ rẹ̀, kó fi ra ọ̀kan. Èmi ti wọ èyí tí mo máa tà wá." Ó fa ọrùn kóòtù rẹ̀.

"Kóòtù yẹn?" ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. "Ta ni yóò rà á? Tí wọ́n bá fún ẹ ní abẹ́rẹ́ dípò rẹ̀, kó o dúpẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ṣọ́jà ò dá sí wọn. Ó fa Bíbélì yọ lábẹ́ apá mi, ó ṣí i, ó dá a padà fún mi. "Lúùkù, orí kejìlélógún. Bó o ṣe máa ń kà á ní ìjọ ni kó o kà á. Wọ́n á gbà á lẹ́nu ẹ ju tèmi lọ."

Mo fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá ń kàwé, wọn ò ní í tíì lè lọ. Bí wọn ò bá sì tíì lọ, bóyá Jórinjórin á gbójú sókè, á rí mi. Bí ìfẹ́ ṣe máa ń ronú nìyẹn, kò mọ̀ ju kí wọ́n sáà rí òun.

Ẹ̀rọ ń pariwo. Mo ní láti máa fi igbe kà á. Mo ka ibi tí Jésù ti ní kí wọ́n ra idà. "Àmín!" ni Ṣọ́jà wí. Mo ka ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti dá a lóhùn pé, Olúwa, wò ó, idà méjì rèé. Ojú mi sáré lọ sórí irin méjì tó wà lórí tábìlì, ẹ̀rù sì gbá mi mú. Ọ̀rọ̀ tó kù nínú ẹsẹ yẹn kò tó nǹkan. Ní ìjọ, pẹ̀lẹ́ ni mo máa ń sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ fún tó ní ó ti kún. Lọ́jọ́ náà, ó bọ́ lẹ́nu mi bí ẹni tí nǹkan jó:

"Ó tó!"

Ẹ̀rọ dákẹ́ wẹ́lo.

Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wọn lè lóye: ẹni tó bá ń bá Jórinjórin di irin mú nídìí ẹ̀rọ yẹn ló máa ń wo ẹnu irin. Bó bá ti mú, á kígbe pé "Ó tó!", ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì pa á lẹ́ẹ̀kan náà, torí bó bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ ìka ẹnì kan lè bá a lọ. Kì í dúró rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ́, orí rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn.

Jórinjórin ṣí awò kúrò lójú. Eruku irin wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. "Olóhùn-iyọ̀? Ìwọ lo ní ó tó?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Mo wo Jórinjórin.

"Kì í ṣe èmi," mo ní. "Jésù ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, tí wọ́n síngbọnlẹ̀ jù mí lọ, ń wo ilẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ká mọ́bi ìjà.  Ó dà bíi pé ẹnì kan tí a kò rí ti wọlé, tó dúró sáàárín tábìlì àti ẹ̀rọ, tí kò sì tíì fẹ́ lọ.

Ṣọ́jà ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Rárá o. Ohun tó ń sọ ni pé méjì ti tó. Ó tó lò!"

"Ó tó ta lò?" Káfíńtà ni. "Mọ́kànlá làwọn ọmọ ẹ̀yìn tó ṣẹ́kù, ogunlọ́gọ̀ ló ń bọ̀ wá mú un, pẹ̀lú idà àti kùmọ̀. Ìwọ tí akọrin kì í tó lọ́wọ́ ẹ láéláé, ìwọ lo wá ní idà méjì tó wọn?"

"Ohùn wo ló fi sọ ọ́?" Jórinjórin bi mí. "Ṣé wọ́n kọ ohùn síbẹ̀?"

"Wọn ò kọ ohùn. Ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n kọ."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán lọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Áà! Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìwé yìí, òun ló ń yá Olúwa lóhùn. Bó bá kà á bí ọ̀gágun, ọ̀gágun ni wọ́n á gbọ́. Bó bá kà á bí ìyá tí ọ̀rọ̀ ọmọ ti sú, ìyẹn ni wọ́n á gbọ́.

"Máa kà á lọ," Jórinjórin wí. "Ohun tó bá ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn la máa fi mọ ohùn tó fi sọ ọ́."

Mo kà á lọ, láìsí ariwo ẹ̀rọ mọ́. Òkùnkùn, ọgbà, àwọn tó wá mú un. Àwọn tirẹ̀ bi í pé, Olúwa, ṣé ká fi idà ṣá wọn? Ọ̀kan nínú wọn ò dúró gbọ́ èsì. Ó gé etí ọ̀tún ìránṣẹ́ olórí àlùfáà. Jésù ní kí wọ́n fi í mọ bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ kan etí ọkùnrin náà, ó sì wò ó sàn.

"Ọ̀kan nínú idà méjì yẹn náà nìyẹn," Jórinjórin sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gbogbo ohun tó rí ṣe náà ni etí ìránṣẹ́. Òun tí wọ́n sì ní àwọn ń gbèjà, òun ló ń tún un ṣe."

"Lójú ẹsẹ̀?" Káfíńtà béèrè.

"Lójú ẹsẹ̀, bùọ̀dá."

"Ó dáa fún un." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Tèmi ńkọ́?"

 Mi ò tíì rí èsì fún un títí dòní.

Ṣọ́jà mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run tó ní kí Jóṣúà má dá ẹ̀mí kan sí ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run míì nìyẹn ni?" Kò bi mí bí ẹni ń jà mọ́. Ó bi mí bí ẹni tó ti ń bi ara rẹ̀ tipẹ́.

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá dé ibẹ̀, ọ̀fun mi máa ń gbẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń tẹ̀ lé ló di etí ọ̀tá rẹ̀ mú yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ti ń wo Jóṣúà. Mi ò lè lọ dúró sọ́dọ̀ Jóṣúà kí n wá máa wo òun."

Jórinjórin ki irin ọwọ́ rẹ̀ bọ inú gáràwà omi. Ó dún ṣìì. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Mò ń lọ sí sọ́ọ̀mìlì."

Mo dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. "Láti lọ ṣe kí ni?"

"Bá a bá jókòó síbí, wọ́n á tún ṣe é fún ẹlòmíì lọ́la. Bá a bá gbé ìwọ̀nyí lọ, ìyá kan á sin ọmọ lálẹ́ òní. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ṣe." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ọwọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe."

Káfíńtà wo irin tó wà lórí tábìlì. Ó wò wọ́n pẹ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú.

"Kí n má parọ́, mo fẹ́ ẹ," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń pa ẹni yẹn lójú àlá." Ó na ẹsẹ̀ síwájú. "Ẹ bá mi so okùn bàtà mi. Mi ò lè so ó."

Ṣọ́jà ló kúnlẹ̀. Ṣọ́jà, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, nínú eruku irin. Ó so ọ̀kan, ó so èkejì. Irin kankan ò kúrò lórí tábìlì.

Fọ́máànù sọ́ọ̀mìlì ti rí wa lókèèrè. Ó jáde pẹ̀lú ọ̀pá irin, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ wa níkọ̀ọ̀kan, ó ń wá nǹkan tá a fi pa mọ́. Kò rí nǹkan kan, ìyẹn ló sì jọ pé ó bà á lẹ́rù jù.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá fi ọwọ́ mi hàn yín ni," Káfíńtà dáhùn. "Mi ò wá jà, mi ò sì wá tọrọ. Ẹ sáà wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì tú báńdéèjì. Kò lè tú u tán, Jórinjórin bá a tú u. Ọwọ́ náà wú, ó dúdú, àwọn ìka rẹ̀ kọjú síra wọn bí àjèjì. Gbogbo wọn wò ó. Fọ́máànù wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, àfi bí ẹni tí kò mọ ẹni tó fún òun. Ó fi í ti ògiri.

"Ẹ gbé àga wá fún káfíńtà," ó ní.

Jórinjórin padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń gbọ̀n látòkè délẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí," ó sọ sí mi létí. "Ká ní mo mú irin dání ni, kò ní í bà mí tó báyìí."

Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà, ọkùnrin tó bá lágbára kì í gbọ̀n. Tèmi ń gbọ̀n bí ewé, mi ò sì tíì rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo wọn.

Nígbà náà ni ọkùnrin onírùngbọ̀n kan jáde láti ẹ̀yìn pákó tí wọ́n tò jọ. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé iwájú àga, ó kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú Káfíńtà, a sì mọ̀ pé òun ló fi igi gbá a.

Káfíńtà ń wo orí ọkùnrin náà. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ ń le, tí ó sì ń rọ̀.

"Dìde," ó ní. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Ṣùgbọ́n dìde."